Abọ́ Nọ́ọ̀tù Bàámi

Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru. Ẹni tó bá ní kí n má sùn lọ́sàn-án, kó wá gbé irin tí mo gbé láàárọ̀ ọjọ́ náà wò.

Mo bá ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ṣùgbọ́n gbogbo pákó tó fẹ̀yìn ti ògiri ti rúwé. Ewé tútù, lára pákó tí a ti là láti èṣí. Ariwo kankan ò sí. Ẹ̀rọ ìfági àlòkù tí èmi àti àbúrò mi, Dìran, ń tún ṣe wà láàárín ilé, kò sí ìpẹtà lára rẹ̀ mọ́. Bàámi jókòó tì í lórí àpótí, Bàámi tí a ti sin láti ọdún mẹ́ta.

Abọ́ tánganran wọn wà lórí itan wọn. Ẹni tó bá mọ Bàámi mọ abọ́ yẹn. Nọ́ọ̀tù tí wọ́n bá tú lára ẹ̀rọ kì í kan ilẹ̀, inú abọ́ ló ń lọ. Bí abọ́ ò bá tíì ṣófo, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ, ì báà ṣe oníbàárà tó ń bínú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ń fi etí aṣọ nu nọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi í de abẹ ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ wọn ò kánjú. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàámi."

"Àṣàbí. O ti jẹun?"

"Mo ti mu gààrí, sà."

"Inú kí lo ti mu ún?"

Ojú tì mí. "Inú abọ́ yín ni."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí Bàámi tí mo mọ̀ ì bá ti fi ariwo lé mi jáde. Wọ́n da abọ́ náà dé, nǹkan kan ò já bọ́ níbẹ̀. Wọ́n wá ń fi ìka wá inú rẹ̀ kiri.

"Mẹ́jọ ló ń de abẹ. Méje ni mo rí. Ìkẹjọ dà?"

"Mi ò mọ̀, Bàámi."

"O mọ̀. Ara rẹ ló wà."

Mo fẹ́ fọwọ́ tú ara mi, ọwọ́ ò gbé. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lára pákó, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Bàámi gbójú sókè sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ yẹn?" Wọ́n wò mí. "Káfíńtà, dìde."

Nígbà ayé wọn, Dìran ni wọ́n ń pè ní káfíńtà. Ọmọ káfíńtà ni wọ́n ń pe èmi, bẹ́ẹ̀ èmi ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ mi. Mo dìde.

Mo lajú lórí ẹní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan líle kan ń gún mi nítan, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lóòótọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi, mo kan nọ́ọ̀tù. Gààrí ló wà nínú abọ́ nígbà tí mo tú abẹ, àpò ni mo kó nọ́ọ̀tù sí. Mo dì méje padà, oorun sì ń kùn mí. Kí n tó lọ sùn, mo fọ abọ́, mo sì dá a padà síbi tó máa ń wà.

Mo sáré wọlé. Dìran ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ti kan ibi tí a fi ń tàn án, ojú rẹ̀ ò sì jìnnà sí abẹ.

"Dìran, gbé ọwọ́ rẹ kúrò!"

Ó fò sẹ́yìn. "Kí ló dé, Àǹtí? Mo wo abọ́ kí n tó débí. Ó ṣófo."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí Bàámi kọ́ ọ gẹ́lẹ́ ló ṣe, èmi ni mo fẹ́ fi abẹ pa á. Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wo nọ́ọ̀tù náà, ó wo ẹ̀rọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo lọ pa jẹnẹrétọ̀. Mo mú abọ́, mo sọ nọ́ọ̀tù náà sí i, ó dún tán-án.

"Oorun lẹ wà," Dìran ní. "Ta ló jí yín?"

"Ẹni tó ni abọ́ ni."

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bínú. Mo ní wọn ò bínú rárá. Mo fẹ́ sọ orúkọ tí wọ́n pè mí fún un, ẹkún ò jẹ́. Mo mú sípánà, mo yọ nọ́ọ̀tù náà nínú abọ́, mo sì dì í.