Ọgọ́ta Ọmọ Tí A Fi Ojú Yàn

"Ayọ̀bọ́lá Ògúnkọ̀yà."

Orúkọ àkọ́kọ́ tí Dókítà Fájẹ́misìn pè nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama náà ní Ẹ̀rìjìyàn, lẹ́yìn tí wọ́n kọrin òwúrọ̀ tán. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá náà jáde láti orí ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fẹ́ fún òun. Dókítà pe àwọn méjìdínlógún mìíràn tẹ̀ lé e. Ó wá ṣàlàyé pé ìwọ̀n tí àwọn gbé wọn sí fi hàn pé wọ́n ti sanra jù, pé láti ọjọ́ náà lọ wọn yóò máa sáré yí pápá ká nígbà mẹ́wàá láràárọ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyán títí sáà yóò fi parí. Beatrice, obìnrin òyìnbó tí òun àti Dókítà jọ ń ṣe ìwádìí kan ní ìlú náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ náà tàánútàánú. Ilé ẹ̀kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó wọ kíláàsì, wọ́n ti sọ Ayọ̀bọ́lá ní Sìkéèlì, ìyẹn ìwọ̀n.

Tinúọlá, àbúrò bàbá ọmọ náà, ló ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé níbẹ̀, òun náà sì ni àwọn olùwádìí yìí fi ṣe aṣojú wọn ní ìlú. Yunifásítì kan nílùú òyìnbó àti òmíràn nílẹ̀ yìí ló pawọ́ pọ̀, wọ́n fẹ́ mọ bí a ṣe lè dènà sísanra jù láàárín àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó di àìsàn sí wọn lára. Ẹ sì wo ìgbà tí wọ́n wá! Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, ti fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo ayé wọlé. Ẹni tó bá ń wá èèyàn tó sanra ní Ẹ̀rìjìyàn lọ́dún náà, yóò wá a títí. Inú bí Tinúọlá gidigidi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ṣáájú pé wọn yóò ka orúkọ síta.

Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, Ayọ̀bọ́lá kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu ju omi lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ṣubú lórí pápá níbi tí wọ́n ti ń sáré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e wálé. Àpọ̀kẹ́, ìyá Tinúọlá, se ọbẹ̀ olú, ó gún iyán, ó tún din ẹyin. Ọmọ náà kọjú sí ògiri.

"Ọmọ tí ikọ́ fẹ́ pa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin," ni Àpọ̀kẹ́ wí. "Gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló ṣeé kà. Uṣu oko mi àti ẹyin adìẹ mi ni mo fi gbé e dìde. Tinúọlá, ta ló ní kí wọ́n wá gbé ọmọ ulé mi sórí ìwọ̀n bí àpò kòkó?"

Tinúọlá dìde. Ó jáde, ó gun alùpùpù, ó di Ìkògòsì, níbi tí àwọn olùwádìí náà dé sí. Ó bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò lábẹ́ igi. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀.

"Dókítà, ọmọ Èkìtì ni yín," ló wí. "Ẹ mọ̀ pé a kì í bú ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba nítorí ara tí ìyá àgbà rẹ̀ làágùn kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kò jẹun mọ́. Ṣé ohun tí ẹ wá ṣe nìyí?"

Dókítà jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò bá a jà, ìyẹn gan-an sì tún bí i nínú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ọgọ́ta ọmọ ni ẹ yàn fún wa nínú irínwó ó lé. Mọ́kàndínlógún nínú wọn wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. A kò rí irú èyí ní ìlú mìíràn tí a ti wọn ọmọ. Ẹ̀rù ló bà wá tí a fi kánjú."

Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó gbé e fún un. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà yan àwọn ọmọ, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé ìbò ni wọ́n mú. Ìkọ̀wé Tinúọlá ni. Òun ló fọwọ́ sí i.

Kò sí ìbò kankan. Àdéhùn ni pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ sórí ègé ìwé, kí wọ́n ká a, kí wọ́n dà á sínú igbá, kí wọ́n sì dijú mú ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Bámigbóyè, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní a kì í fi ọmọ tó rù han àlejò. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn bí àwọn alábẹ̀wò bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́: àwọn tí orí wọn pé yóò jókòó níwájú, àwọn olódo yóò lọ sóko ilé ẹ̀kọ́ títí àlejò yóò fi lọ. Wọ́n bá ní kí àwọn tó rù, tí ara wọn hán, lọ gé koríko, wọ́n sì to àwọn tí ara wọn ń dán sílà. Ayọ̀bọ́lá ni Tinúọlá kọ́kọ́ fà síwájú, ó tilẹ̀ fi ìpara pa á lápá. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ó rántí pé àwọn olùwádìí ti ṣèlérí láti mú òun lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta nílùú òyìnbó. Ló bá kọ ìbò.

Beatrice wo ojú rẹ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé náà. Tinúọlá ní rárá. Alùpùpù tó gbé e wá ṣì ń dúró dè é.

Nílé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ìyẹn ni pé mi ò sanra?" ni Ayọ̀bọ́lá béèrè.

"O sanra díẹ̀. Kò burú. Àwọn tó yẹ kí wọ́n wọ̀n pẹ̀lú yín, a fi wọ́n pamọ́ sóko. Dárí jì mí, ọmọ mi. Dìde, kí o jẹun."

Ọmọ náà yíjú sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Àǹtí, níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti pe orúkọ mi. Inú yàrá ni ẹ ti wá ń bẹ̀ mí."

Ó tún kọjú sí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tinúọlá kọ́kọ́ lọ bá Ọ̀gá Bámigbóyè ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ro orúkọ ilé ẹ̀kọ́, kó ro ìrìn àjò rẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọn yóò fi pe ọmọ náà ní Sìkéèlì, yóò sì tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ló bí Tinúọlá nínú jù. Ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹun!

Bí wọ́n ti kọrin tán, ó bọ́ síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Àwọn olùwádìí ti dé láti wo àwọn tí yóò sáré. Ayọ̀bọ́lá wà lẹ́yìn ìlà, ó di èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

"Èmi ni mo yan ọgọ́ta ọmọ yìí," ni Tinúọlá wí. "N kò mú ìbò. Ojú ni mo fi yàn wọ́n. Mo ní kí àwọn tó rù lọ gé koríko, mo kọ irọ́ sínú ìwé, mo sì fọwọ́ sí i. Àwọn mọ́kàndínlógún tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Ọ̀gá Bámigbóyè dorí kodò. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Beatrice fọwọ́ kan Dókítà, ó bi í pé kí ni obìnrin náà sọ. Dókítà ń wo bàtà rẹ̀, kò túmọ̀ nǹkan kan.

Tinúọlá yíjú sí obìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.