Ohùn Bàbá Aláròyé

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: àmì tó ní ọfà kékeré nídìí, tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, kì í ṣe fáìlì. Ó kàn ń júwe ibi tí fáìlì wà ni. Ẹni tó kọ àdírẹ́sì ilé sínú ìwé, tó ki ìwé náà bọ àpò, ṣé ilé ló gbé sápò? Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Rárá, mà." Etí wọn gbọ́, ọwọ́ wọn ò gbọ́.

Aláròyé ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí kálukú fẹ́ gbé ètò olóhùn tó ṣe kalẹ̀, irú èyí táwọn èèyàn ń gbọ́ lórí fóònù, òun ló ṣáájú. Ó ki fílàṣì bọ kọ̀ǹpútà iwájú kíláàsì, ó tẹ àmì ètò rẹ̀. Kò sí ohùn. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí fáìlì náà. Mo tẹjú mọ́ àmì náà, mo rí ọfà nídìí rẹ̀.

"Níbo ni fáìlì gan-an wà?"

"Yàrá kọ̀ǹpútà, mà. Inú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe ti wà ní yàrá yẹn láti àárọ̀, ó ń pa gbogbo ohun tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà rẹ́ kó lè tò wọ́n lákọ̀tun. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó pé kí kálukú kó fáìlì rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

A sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú fáìlì yẹn. Bàbá ọmọ yìí ló máa ń kéde ọkọ̀ tó ń bọ̀ àtèyí tó ń lọ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ojú mi ni ọmọ náà ṣe gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ètò rẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́fun. Iṣẹ́ abẹ náà gba ẹ̀mí wọn là, ó sì gba ohùn wọn lọ.

"Ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńkọ́?" mo bi atúnkọ̀ǹpútà-ṣe.

"Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mà. Mo ti kó nǹkan mìíràn lé e lórí." Ó wo ojú ọmọ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀pa ò bóró mọ́, mà."

Mo yíjú sí Aláròyé. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra.

"O ò fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?"

"Dádì mi nìkan, mà. Nígbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, wọ́n gbọ́ díẹ̀, inú bí wọn, wọ́n pa á rẹ́ lójú mi."

Ohun téèyàn bá pa rẹ́ lórí fóònù sábà máa ń lọ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ná. Á wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí fóònù tó dà á nù pátápátá.

"Pè wọ́n."

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀, mà."

"Wọ́n ṣáà létí. Pè wọ́n."

Mo fún un ní fóònù mi, mo sì ṣe é kí gbogbo wa lè gbọ́. Wọ́n gbé e. Ẹnìkan fi èékánná kan fóònù kó, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ nìyẹn," Aláròyé sọ fún mi. Ó wá gbẹ́nu sí fóònù. "Dádì, mo ti ba nǹkan jẹ́. Ohùn yín ti lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí fóònù yín bóyá ó ṣì wà níbẹ̀." Ẹkún gbà á. "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì."

A gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé wọ́n ti pa fóònù. Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe ò mọ ibi tó máa gbójú sí.

Nǹkan kan dún tá.

"Rédíò wọn nìyẹn," ni Aláròyé wí. "Èyí tó ń lo káàdì. Abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló máa ń wà."

Ó wá yé mi. Bàbá yìí ti ṣà á padà látinú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tipẹ́, wọ́n ti gbé e sórí káàdì, wọ́n sì ń dá a gbọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ ní ibùdókọ̀ jáde látinú fóònù mi, ó rinlẹ̀:

"Ṣó ti ń gbà á? Ó dáa. Ọmọ mi, mò ń gbọ́ ẹ. Máa sọ̀rọ̀ ẹ lọ."

Aláròyé la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó fi èékánná kan fóònù kó, ẹ̀ẹ̀kan péré.