Mọ́tò Ọdún Méjìdínlógún

Ká sòótọ́, ẹ̀rù mọ́tò yẹn ń ba Oyèrónkẹ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò láyé, àárọ̀ ọjọ́ yẹn sì ni Dámisí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, máa kọ́kọ́ gbé e gba freeway, òpópónà márosẹ̀, lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní ìlú Grapevine.

"Ìyá Dámi, o ò ní sinmi ni?" Albert ọkọ rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Yẹ́misí àbúrò mi tó wà ní Greece ló sọ ọ́, mọ́tò tó ti lé lógún ọdún ló kún títì wọn níbẹ̀. Àwọn olówó Luxembourg ló ń pààrọ̀ mọ́tò bí ẹni ń pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ́ ni tiwa yìí!"

"Ọ̀dọ́ tó ń wúkọ́? Ẹ jẹ́ kó gbé tèmi."

"Kí ìwọ wá fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́? Èmi fúnra mi ni mo pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀. Fọkàn balẹ̀."

Ọkàn ò balẹ̀ o. Oyèrónkẹ́ mú ìgò òróró tí pásítọ̀ gbàdúrà sí, ó jáde síta. Ó kọ́kọ́ fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ló bá lóṣòó sídìí táyà, ó ń da òróró gba ihò rímù wọlé, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù, Ẹ̀jẹ̀ Jésù," títí tó fi yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po. Ìgò gbẹ fúú.

"Mummy, it's enough!" Dámisí dì mọ́ ọn, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kò dé Grapevine. Ìdí tírélà ló wọ̀.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ fún wọn pé ọmọ ti lọ, ọlọ́pàá kan bi Albert léèrè: epo ló bo irin bíréèkì tó wà nínú rímù, kò jẹ́ kó mú. Ta ló tún un ṣe kẹ́yìn?

Albert wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbàgà.

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ló dọ̀tí fún epo nígbà tí mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Rónkẹ́, èmi ni mo pa ọmọ wa."

Kò sẹ́ni tó rí Oyèrónkẹ́ nídìí táyà yẹn àfi Dámisí. Tó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn. Ó fẹ́ dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ Albert ti ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀.

"Daddy Dámi, ẹ má lu ọwọ́ yín mọ́. Òróró àdúrà ni. Èmi ni mo dà á sí i."

 Albert dìde, ó rọra lọ jókòó sórí àga tó jìnnà sí ìyàwó rẹ̀ jù lọ.