Kọ́ìlì Tí Ìyàndá Ní Ó Ti Kú

Nínú gbogbo àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì kéékèèké ṣe ní Sekona, ọ̀gá mi, Ìyàndá, ni ẹnu rẹ̀ dùn jù, òun náà sì ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo jù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá a ṣiṣẹ́ torí n kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tèmi gbà. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò. Nínú ọkàn mi, "o" ni, ìyẹn gan-an sì ti pọ̀ jù fún un.

Ìyàndá kì í yẹ nǹkan kan wò. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò dá, tí kò dún, á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tẹ etí sí i bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, á wá dájọ́: "Kọ́ìlì ti kú." Kọ́ìlì ni ohun tó ń mú iná wá fún púlọ́ọ̀gì; kò sí àìsàn mìíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kan wá rí tí kò sí epo nínú rẹ̀ rárá. Kọ́ìlì ló pààrọ̀.

Èmi ní tèmi, mo ti lọ kọ́ bí a ṣe ń fi mítà yẹ iná wò lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe lọ́nà Pólì. Tí mo bá ti yọ mítà náà, Ìyàndá á bú sẹ́rìn-ín: "Dókítà Deborah! Ẹ́ńjìnnì ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru o."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, Alhaja Sìmbíátù gbé pọ́ǹpù omi wọn wá láti ìlú Ara. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń gbìn sétí odò. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí pọ́ǹpù náà kò dá, tẹ̀tẹ̀ wọn sì ti ń rọ.

Ìyàndá fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Kọ́ìlì ti kú, Alhaja."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ogún ọdún rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀."

Ó yọ kọ́ìlì náà, ó jù ú sínú garawa pàǹtí, ó ta tuntun fún wọn látinú àpótí rẹ̀. Kò dá. Ó ní tuntun yẹn náà ti kú, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn láyé ìsinsìnyí. Ó ta òmíràn fún wọn. Kò dá. Ó wá nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ní ẹ́ńjìnnì náà ti darúgbó, kí Alhaja kúkú lọ ra tuntun, òun á bá wọn gbé òkú yìí nílẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, á gbé "òkú" náà fún mi kí n jí i, á sì tà á fún ẹlòmíràn nínú Ẹdẹ. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni mo ti bá a jí bẹ́ẹ̀, tí n kò la ẹnu mi. Ṣùgbọ́n Alhaja jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀, n kò sì lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò lára òkú?"

Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí, mo fi í kan irin ẹ́ńjìnnì, mo fa okùn. Iná kò ṣẹ́. Mo wá tú wáyà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara kọ́ìlì lọ sí súìṣì tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Mo tún fa okùn. Iná búlúù ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, tà!

Alhaja dìde. "Súìṣì ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Alhaja."

Mo fi ẹnu mítà àkọ́kọ́ kan wáyà dúdú náà, mo fi èkejì kan irin. Mítà ké. Kò sì yẹ kó ké, torí a kò pa súìṣì. Mo tọ wáyà náà títí dé abẹ́ táńkì epo, níbi tí nọ́ọ̀tì kan ti ha á bó, tí bàbà inú rẹ̀ ń fara kan irin. Gbogbo iná tí kọ́ìlì ń mú wá, inú irin ló ń gbà lọ. Mo fi téèpù wé e, mo so ó jìnnà sí nọ́ọ̀tì.

Mo lọ sídìí garawa pàǹtí, mo mú kọ́ìlì àkọ́kọ́, mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Ara rẹ̀ le koko. Mo yọ èyí tí Ìyàndá tà, mo dá ti àkọ́kọ́ padà sáyè rẹ̀, mo fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín òun àti irin ńlá tó ń yí, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Mo dè é, mo fa páálí jáde, mo dá púlọ́ọ̀gì àti wáyà dúdú padà. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dá, ó ń dún kíkankíkan.

Ìyàndá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ rí i, Alhaja? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Alhaja wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀fọ́ àná. "Ẹ kọ́ ọ? Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fi kọ́ ọ ni, tí kò wá ku nǹkan kan fún yín?"

Alhaja ní kó gba kọ́ìlì méjèèjì padà, kó dá owó àwọn padà. Ó ní ọjà tí wọ́n ti tú kì í padà. Wọ́n kó wọn lé orí tábìlì rẹ̀. "Ẹ sín wọn sọ́rùn, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe." Wọ́n yíjú sí mi: "Pọ́ǹpù méje ló wà létí odò wa. Ṣé wàá tẹ̀lé mi?"

Mo ní màá tẹ̀lé wọn. Ìyàndá pòṣé. "Máa lọ. Ta ló fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì fún obìnrin?"

Mo kó sípánà mi sínú àpò. Mo ti rò pé ọjọ́ tí màá fi ibẹ̀ sílẹ̀ á dùn mọ́ mi. Kò dùn. Mo wò ó bó ṣe ń da kọ́ìlì méjèèjì padà sínú àpótí, kó lè tún rí wọn tà, ó sì rí mi lára. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi.

Ọ̀kadà kan ló gbé èmi àti Alhaja, pọ́ǹpù wà láàárín wa, ó ń jó mi lórúnkún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti dé orí ebè.