Iwájú Ìlà Àdìzát

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: èmi kì í ṣe onísùúrù. Aṣọ akọrin ni mò ń rán ní Ilo-Awela, láyé ìgbà tí gbogbo ilé ìkẹ́rùsí tó bá ti ṣófo ní Sango ń di ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn yunifásítì náà sì ń ra ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ pọ̀ débi pé mò ń lé oníbàárà. Àdìzát, tí ilé rẹ̀ fara kan tèmi, ló ní sùúrù láàárín àwa méjèèjì. Èmi ni mo ní ẹnu.

Ọkọ Àdìzát, Ọnọrébù Gbọ́ládé, ló ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìyá rẹ̀, Ìyá Ẹfúnkẹ́, gbé orí rẹ̀ lé itan nínú mọ́tò, wọ́n forí lé ilé ìwòsàn, àfi bí mọ́tò ṣe rì sínú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà Ilo-Awela. Ibẹ̀ ló kú sí. Ohun tó wá dunni jù ni pé ọkùnrin náà ti ń kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún àdúgbò wa, òrùlé nìkan ló sì kù níbẹ̀.

Wọ́n ní a ó dìbò láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ní àgbègbè wa nígbà náà, ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ wa ti wọlé tán, ìdìbò gbogboogbò kàn jẹ́ àṣekún ni. Àwọn méjì ló jáde fún un. Àdìzát fẹ́ parí ilé ìwòsàn yẹn. Nùrẹ́nì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń sọ kiri pé ibẹ̀ ì bá dára fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Gbogbo ẹbí ọkọ ló tẹ̀lé Nùrẹ́nì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló ń jogún oyè, kì í ṣe ìyàwó.

Bẹ́ẹ̀ Àdìzát ṣì wà nínú tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé, ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ sì bọ́ sáàárín rẹ̀. Àáfà wá, gbogbo ẹbí jókòó yí i ká. Ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ èyí tí obìnrin náà kò lè rán ẹlòmíì, ó lè jáde lọ́sàn-án, àmọ́ oòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a níta. Inú ilé ọkọ rẹ̀ ni ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣú bá a. Nùrẹ́nì ní, "Alihamdulilahi," ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn kò bá mi lára mu.

Ọjọ́ pé, a pàdé lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ilo-Awela. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johnson ni ẹgbẹ́ rán wá láti Abẹ́òkúta.

"Ẹ óò tò sẹ́yìn ẹni tí ẹ bá fẹ́," ló wí nínú máíkì. "Olùdíje fúnra rẹ̀, tàbí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀, ló máa dúró níwájú ìlà títí n ó fi kà á tán. Ìlà tí kò bá ní ẹni níwájú, n ò ní kà á. Rúùlù ni rúùlù."

A rò pé kí ọ̀sán tó pọ́n a ó ti parí. Ẹ wá wo ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́í. Pásítọ̀ Ephraim, tí Nùrẹ́nì kó wá láti Ijoko tòun tìjọ, ló fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, àdúrà náà sì gùn tó ìsọjí. Èmi tí mo fẹ́ràn àdúrà, ó sú mi. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Nùrẹ́nì ní kí wọ́n tún yẹ káàdì ẹgbẹ́ gbogbo èèyàn wò. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n ní bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ Agbara kò tíì dé, kí á dúró dè é. Bọ́ọ̀sì dé, máíkì kú, wọ́n ní kí á lọ wá jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, Nùrẹ́nì á gbójú sókè wo oòrùn.

Àdìzát dúró níwájú ìlà wa nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ìlà wa gùn ju ti Nùrẹ́nì lọ, ojú gbogbo èèyàn rí i. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn abiyamọ wà níbẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí aláìsàn há sójú ọ̀nà. Ìyá Ẹfúnkẹ́ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, kò sí nínú ìlà kankan. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n pe ìrun àlàásárì. Àdìzát lọ kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó padà wá. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí òrùlé ilé iṣẹ́ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ìyá Treasure," Àdìzát pè mí, "mo fẹ́ máa lọ."

"Lọ síbo? Ìyá Hálímà, má dán an wò. Ṣé Ọlọ́run máa wá bá ọ jà nítorí ìwọ̀nba àkókò tó kù yìí ni?"

"Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run nìkan. Ọkọ mi ni mò ń ṣe é fún. Bí mo bá fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ ra àga rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún Hálímà ọmọ rẹ̀?"

"Ta ló máa dúró fún ọ? Èmi kì í ṣe ẹbí. Àwọn èèyàn rẹ wà ní Ìwó."

"Mi ò mọ̀," ló wí.

Nùrẹ́nì rìn sún mọ́ wa. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ìyàwó wa, oòrùn ti ń lọ o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wọ̀ bá yín níta, ká má baà ṣẹ òkú."

Inú bí mi. Àdìzát kọ ẹ̀yìn sí i. Ó lọ sábẹ́ igi, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ẹfúnkẹ́, ó ní, "Màmá, mò ń lọ sílé." Ìyá wò ó títí. Àdìzát dìde, ó gba ẹnu géètì jáde, kò wẹ̀yìn.

Ojú ẹsẹ̀ ni máíkì jí, àfi bí ẹni pé ó ti ń retí kí Àdìzát jáde.

"Ìlà kejì kò ní ẹni níwájú," ni Johnson wí. "Ẹ tú ká."

Àwọn kan ti ń lọ. Mo sáré lọ sí ìdí ìlà, mo na apá mi méjèèjì, mo ní ẹni tó bá fẹ́ lọ kó kọ́kọ́ gbé mi ṣubú. Johnson ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kì í ṣe ẹbí." Òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí wọra, àmọ́ mi ò sọ apá mi kalẹ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Ẹfúnkẹ́ dìde lábẹ́ igi. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ láàárín pápá. Àwọn èèyàn Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n yà fún un. Ó kọjá lára wọn, ó kọjá lára Nùrẹ́nì, ó sì lọ dúró níwájú ìlà Àdìzát.

"Màmá," ni Nùrẹ́nì wí, "ìlà tèmi nìyí."

"Mo rí i."

"Èmi lọmọ yín tó kù."

"Ìwọ ni. Mi ò sọ pé ìwọ kọ́." Ìyá nawọ́ sí itan rẹ̀. "Ibí ni ẹ̀gbọ́n rẹ kú sí. Obìnrin yẹn ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ìwọ wá fi ọ̀fọ̀ ọmọ mi dẹ pàkúté dè é. Àtàárọ̀ ni mo ti jókòó tí mò ń wò ọ́ bí o ṣe ń wo oòrùn." Ó kọjú sí Johnson. "Ṣé ẹbí rẹ̀ ni mo jẹ́ àbí n kì í ṣe ẹbí?"

"Ẹbí ni yín, Màmá."

"Ó yá, kà wá."

Johnson bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìdí ìlà, lọ́dọ̀ mi. Ó ń kà, ẹsẹ̀ Ìyá ń gbọ̀n níwájú lọ́hùn-ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ dì í mú, ó yọ ọwọ́ wọn kúrò lára. Ó ní òun lè dúró. Kò lè dúró. Ó fì sápá kan, kí ẹnikẹ́ni tó mira, Nùrẹ́nì ti sáré débẹ̀, ó ti gbá a mú. Ọwọ́ tirẹ̀ ni Ìyá kò yọ.

Johnson kà wá tán, ó kọjú sí ìhà kejì. "Ọ̀gá Nùrẹ́nì, ẹ padà síwájú ìlà yín kí n lè kà á."

Àwọn èèyàn rẹ̀ ń ké sí i, àmọ́ kò sí ìkankan nínú ẹbí tó fẹ́ bọ́ síwájú ìlà tí Ìyá ti kọ̀. Pásítọ̀ Ephraim ń juwọ́ sí i. Nùrẹ́nì wò wọ́n, ó wo ìyá rẹ̀ tó fi gbogbo ara tì í.

"Máa lọ," ni Ìyá wí. "Tèmi ti parí."

"Ẹ ò lè dá dúró, Màmá."

Johnson tún pè é. Ó dúró, ó wojú gbogbo wa, ó tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Nùrẹ́nì kàn ń tún gèlè ìyá rẹ̀ tó ti fẹ́ bọ́ ṣe, kò sì kúrò níwájú ìlà ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Johnson pa ìwé rẹ̀ dé láì ka ìlà Nùrẹ́nì; tíkẹ́ẹ̀tì ti di ti Àdìzát.

Ó yẹ kí n máa jó. Níṣe ni mo dúró síbi tí mo wà tí mò ń wo ọkùnrin tí mo ti ń bú láti àárọ̀, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ó jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.