Ìwé Tí Israel Padà Wọlé Mú

Nígbà tí omi òjò ya wọ ilé wọn ní Lasunwon, Israel ti gbé Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ kọjá sí ojú títì. Kò sí ewu mọ́. Àfi bó ṣe yíjú padà lójijì.

"Israel, kí lo gbàgbé?"

"Mò ń bọ̀!"

Ògiri ẹ̀yìn wó lù ú. Nígbà tí wọ́n fi máa hú òkú rẹ̀ jáde, ìwé kọ́míìkì kan, ìwé ìtàn aláwòrán, ló wà nínú ẹ̀wù rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀.

Sáínbọ́ọ̀dù ni Israel ń kọ jẹun. Ohun tó bá rí níbẹ̀, kọ́míìkì àtijọ́ láti òkè òkun ló fi ń rà, á kó wọn sínú àpótí kan. Ìgbàkígbà tó bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìkìrun, á ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ilé tí mo máa kọ́ fún yín wà nínú àpótí mi." Ìyá gbà á gbọ́.

Orí wọ́dúróòbù ni àpótí náà wà, omi ò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá, tó ti wá láti Ìkìrun, ní kí Ìbídùnní gbé e lọ bá ẹni tó mọyì rẹ̀. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Mujeeb ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, ọkùnrin tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó ń tà á fún àwọn tó ń kó o jọ.

Mujeeb fọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó wá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló wà níwájú. Ẹ wo inú níbí, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ọdún mìíràn ni. Àtúntẹ̀ ni."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú."

Ìbídùnní yọ ìwé kan tó dá wà nínú ọ̀rá jáde. "Èyí ńkọ́? Abẹ́ ìrọ̀rí ni ọkọ mi máa ń fi í sí. Òun ló padà wọlé mú, òun ni wọ́n bá lára ẹ̀."

Mujeeb fi ọ̀bẹ tín-ínrín gbé etí ìwé náà. Àwọn ojú ewé ti di ọ̀kan.

"Ojúlówó rèé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ká ní omi ò bà á jẹ́ ni, ìwé olówó ńlá ni. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó máa rà á."

"Ṣé ó mọ̀ pé àwọn yòókù kì í ṣe ojúlówó?"

"Ẹni tó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀, tó jẹ́ ẹyọ kan yìí ló padà lọ mú? Ó mọ̀, Àǹtí."

Inú ọkọ̀ ni Ìbídùnní ti pinnu pé mímọ̀ tí Israel mọ̀ yìí ò ní dé etí ìyá láéláé.

Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ìjọ yá wọn ní Ìgbògbò. "Kí ni wọ́n wí?"

"Kò já mọ́ nǹkan kan, Màámi. Àtúntẹ̀ ni wọ́n."

"Ọmọ mi kì í ṣe òpè!" Ó dìde. "Níbo lo kó àwọn tó dáa sí? Ìwọ àti ta lẹ jọ tà á?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀."

"Kí ẹ̀yin méjèèjì lè jọ purọ́ fún mi?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá yọ Ìbídùnní. Ó gbé e mì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá gbé àpótí náà rù, ó lọ sí Ìkìrun. Títí di òní, bí Ìbídùnní bá pè é lórí fóònù láti kí i, ìbéèrè kan náà ni ìyá máa ń bi í: "Ṣé o ti ṣe tán láti sọ òótọ́?"

"Ṣé ara le, Màámi?" ni Ìbídùnní máa ń dáhùn.

Ìyá á sì gbé fóònù sílẹ̀.