Ó Wà Lọ́wọ́ Mi

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni òfin ẹgbẹ́ wa: "Ó wà lọ́wọ́ mi." Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé ẹ̀rọ kò ṣí, tàbí pé fáìlì òun kò wọlé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn pé ó wà lọ́wọ́ òun nínú wa, tirẹ̀ ni. Ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún méjìlá la fi fọkàn tán ara wa bẹ́ẹ̀.

Àwa mẹ́ta la ń tọ́jú sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí iṣẹ́ gbogbo wa ń gbé inú rẹ̀. Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí. Nọ́ọ̀sì kan tí a ń pè ní Pẹlẹbẹ, nítorí pé atẹ́gùn lásán lè gbé e, ni ìkejì. Èmi ni ìkẹta. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí, torí ọwọ́ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà. Ọ̀fẹ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tí à ń tọ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Ó ń kàwé sókè fún àwọn tí kò ríran. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wà lára wọn. Ohùn tó ń kàwé fún un, ohùn aya Tíṣà ni. Obìnrin náà jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ka ẹgbẹ̀fà gbólóhùn sílẹ̀ kí Olúwa tó pè é sílé lọ́dún kẹta sẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, mo ti dé yàrá wa ṣáájú àwọn yòókù. Òkè ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ kan ni: tábìlì kan, àga mẹ́ta, pátákó ìkọ̀wé, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí sáfà wà nínú rẹ̀, tó ń mí bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Ímeèlì mìíràn ni mò ń wá tí mo fi rí èyí tí n kò wá. Ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ wa ló kọ ọ́ pé díìsì tí à ń fi ẹ̀dà gbogbo nǹkan pamọ́ sí ti kú pátápátá. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì sẹ́yìn ni. Lábẹ́ rẹ̀, ìdáhùn tèmi rèé: "Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀. Mo sáré gbé e lọ sọ́sibítù, ọ̀rọ̀ díìsì sì fò lọ lórí mi bí ẹyẹ. Àwọn yòókù kò bi mí. Kí ni wọn ì bá bi? Ó wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo ṣí i. Díìsì ti inú sáfà fúnra rẹ̀ ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni tí òtútù mú tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ojú ẹ̀rọ sì ń sọ pé àwọn ibì kan wà tí òun kò rí kà mọ́. Ni mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti kọ́bọ́ọ̀dù. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tì í.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ṣé ibí lo sùn ni?" Tíṣà béèrè.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Pẹlẹbẹ tẹjú mọ́ mi. "Ojú yín kò dáa o. Ṣé kí n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín?"

"Òjò ló fẹ́ rọ̀," mo dáhùn. Òòrùn sì ń ràn yòò lójú fèrèsé.

Ìpàdé ọjọ́ náà kò ju pé ká yan ètò tí yóò máa gba ẹ̀bẹ̀ àwọn tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ wa, tí yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ẹni tó ni ín, èyí tí wọ́n ń pè ní tíkẹ́ẹ̀tì. Méjì ló kù tí a ó yàn nínú wọn, orúkọ wọn sì wà lójú pátákó. Ti àkọ́kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ lófìfo, ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá sì fọwọ́ kàn fún ọgbọ̀n ọjọ́, yóò ti ara rẹ̀ pa. Èkejì yóò kọ́kọ́ kó gbogbo ímeèlì ọdún kan sẹ́yìn wọlé, yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ọrùn ẹni tó ní ó wà lọ́wọ́ òun, yóò sì fi àwọ̀ pupa kọ iye ọjọ́ síwájú orúkọ rẹ̀.

"Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́," Tíṣà ní. "Ẹrù àtijọ́ ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Háà, Tíṣà! Ẹ̀bẹ̀ tí a kò dá lóhùn á kàn pa ara rẹ̀ dé? Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, kò ní sí aláìsàn kankan mọ́ lọ́gbọ̀n ọjọ́. Gbogbo wọn á ti dọ́run."

"Wo ẹnu ẹ! Èkejì yìí, bí aya tí kì í gbàgbé ló rí. 'Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ní kí ẹ tún ìlẹ̀kùn yìí ṣe.'"

"Òun ni kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kùn wó, sà."

"Òótọ́ ni," Tíṣà ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tèmi kì í gbàgbé."

Wọ́n yíjú sí mi. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni. Ẹnu mi ni yóò là á.

Bí mo bá tẹ̀ lé Tíṣà, ímeèlì yẹn yóò jókòó sínú àpótí àtijọ́, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Ní Mọ́ńdè, màá wá díìsì tuntun, màá sì ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Bí sáfà bá lè dé Mọ́ńdè. Mo gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti inú irin náà, ó ń yà mí lẹ́nu pé àwọn yòókù kò gbọ́ ọ. Mo la ẹnu kí n sọ pé ti àkọ́kọ́.

Fóònù mi dún. Ìyá mi ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ṣì ń sáré jù bó bá dé ìparí ẹsẹ o. Ṣé o ti sọ fún wọn? Ìwọ lo ní ó wà lọ́wọ́ rẹ."

"Màmá, mo wà nípàdé."

"Mo mọ̀. Ṣáà bá mi kí bàbá yẹn. Sọ fún un pé ohùn ìyàwó rẹ̀ ni mo fi ń jí láràárọ̀. Bí kò bá sí i, òkùnkùn mi ì bá ṣú ju báyìí lọ."

Tíṣà sorí kọ́. N kò lè gbé fóònù náà dání mọ́. Mo gbé e kalẹ̀.

"Mo ti ṣẹ̀ yín," mo ní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kọ́bọ́ọ̀dù tí mo tì.

Tíṣà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó di ẹ̀yìn àga mú. "Ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí níbòmíràn, sà."

Pẹlẹbẹ ti da àpò rẹ̀ sórí tábìlì: ìyarun, ìwé àdúrà, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, díìsì kékeré kan. "Àwòrán ìgbéyàwó mi ló kún inú ẹ̀. Mo ti ń pa wọ́n rẹ́."

"Pẹlẹbẹ, má ṣe é!" mo ké.

"Ọkọ ọ̀hún wà nílé, màmá. Màá máa wo òun fúnra ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. A dá gbogbo iṣẹ́ yòókù lórí sáfà dúró, a bẹ̀rẹ̀ sí í da ohùn aya Tíṣà kọ sínú díìsì kékeré náà. Ọgọ́rùn-ún gbólóhùn. Irínwó. Nígbà tó dé ẹgbẹ̀rin, nọ́ńbà náà dúró gbagidi. A di ara wa mú. Ètè Tíṣà ń mì, n kò gbọ́ àdúrà tó ń gbà, èmi ò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ kankan gbà, "jọ̀ọ́" nìkan ni mò ń sọ, "jọ̀ọ́, jọ̀ọ́." Ó tún gbéra. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ka ẹgbẹ̀fà ó dín méje. Méje yẹn kò ṣeé kà. Bí a ṣe ń gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ni sáfà mí kanlẹ̀, tó sì dákẹ́, tí kò tún dún mọ́.

"Èwo ni méje yẹn?" Tíṣà béèrè.

Mo kà wọ́n látinú ìwé tí a kọ gbogbo gbólóhùn náà sí. Nígbà tí mo dé ìkarùn-ún, "Ilẹ̀ ti mọ́, ẹ dìde," ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀rín pa á nígbà tó kọ́kọ́ ka ìyẹn, ló bá tún un kà. N kò jẹ́ kí wọ́n sọ èyí tó rẹ́rìn-ín nù. Ó ní láti wà nínú àpótí kan nílé." Ó yíjú sí mi. "Wàá wá bá mi wá a."

Ó dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúkọ ètò àkọ́kọ́ kúrò lójú pátákó.

Nírọ̀lẹ́, lórí kọ̀ǹpútà Pẹlẹbẹ, èmi ni wọ́n ní kí n kọ tíkẹ́ẹ̀tì kìíní: gbólóhùn méje tó sọnù. Ètò náà bi mí pé ọwọ́ ta ló wà. Mo tẹ orúkọ mi sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ètò náà fi àwọ̀ pupa kọ ọ́ sí: ọjọ́, òdo.

Lọ́la, yóò di ọ̀kan.